Nígbà tí Nǹkan Bá Bàjẹ́ Nínú Ilé Onílé

Lórí ojú ìwé ìdílé ti ọ̀tẹ̀ yìí, a fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n tí a kì í fẹ́ sọ síta: ọ̀rọ̀ ohun onílé tí ó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ìjọ wa ni kò tíì kọ́ ilé tiwọn. Ẹni tí ó ti Kétu wá ṣòwò ní Àjàṣẹ́, olùkọ́ tí ìjọba gbé lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní Kútọnu, inú ilé onílé ni gbogbo wọn ń gbé. Bí a bá sì ń gbé ilé, nǹkan yóò bàjẹ́. Ọmọ gbá bọ́ọ̀lù nínú àgbàlá, nàkó méjì fọ́ lójú fèrèsé. Omi ẹ̀rọ lọ, a gbàgbé láti ti ẹnu rẹ̀. Nígbà tí omi dé lóru, yàrá kún, omi sì wọ ara ògiri. Iná mànàmáná lọ, a tan àbẹ́là, àbẹ́là ran aṣọ fèrèsé, èéfín sì sọ àjà ilé di dúdú. Kò sí ẹni tí ó jókòó gbèrò rẹ̀. Èèṣì ni.

Ohun tí ó máa ń tẹ̀lé èèṣì náà ni ó ń bà wá nínú jẹ́. Àwọn kan á gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sí ojú ibi tí ògiri ti sán. Àwọn kan á fa kọ́bọ́ọ̀dù bo ibi tí iná jó. Àwọn mìíràn á pe àwọn ọmọ jọ, wọ́n á ní, "Bí bàbá onílé bá béèrè, ẹ sọ pé bí a ṣe bá a nìyẹn." Ní ọjọ́ náà, nàkó méjì nìkan kọ́ ni ó fọ́ nínú ilé yẹn. Òbí ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ ọmọ ní irọ́ pípa, ọmọ kan náà tí ó ń rán lọ sí ẹ̀kọ́ katekísmù láti lọ kọ́ òfin kẹjọ ti Ọlọ́run.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni èyí: èèṣì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n fífi èèṣì pamọ́ lè di ẹ̀ṣẹ̀, ó sì máa ń sọ ohun kékeré di ńlá. Omi tí ó wọ ara ògiri alámọ̀ kì í dúró sójú kan. Bí wọ́n tilẹ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú, amọ̀ inú rẹ̀ yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ẹsẹ̀ ògiri yóò fi jẹ. Ibi tí a ti ń ki okùn iná, bí ó bá ti jó lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń lò ó lọ bẹ́ẹ̀, ó lè jó gbogbo ilé lọ́jọ́ mìíràn, àwa àti àwọn ọmọ wa nínú rẹ̀. Ohun tí ìbá gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ oníṣẹ́ á wá di ohun tí ń gba owó ọdún.

IRIN ÀÁKÉ TÍ Ó BỌ́ SÓMI

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 6, ìtàn kan wà tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu rẹ́gí. Ibùgbé àwọn ọmọ wòlíì ti há jù, wọ́n sì lọ sí etí odò Jọ́dánì láti gé igi tí wọn yóò fi kọ́ ilé. Bí ọ̀kan nínú wọn ti ń gé igi, irin àáké rẹ̀ yọ, ó bọ́ sínú omi. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni ó figbe ta sí Èlíṣà, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé àáké àyálò ni. Èlíṣà bi í léèrè ibi tí ó bọ́ sí. Ó na ọwọ́ sí ibẹ̀. Wòlíì gé igi kan sọ síbẹ̀, irin náà léfòó, Èlíṣà sì ní kí ọkùnrin náà fa á mọ́ra fúnra rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ọmọ wòlíì yìí ṣe. Kò dúró títí di alẹ́. Kò sọ pé àáké náà ti gbó tẹ́lẹ̀. Ó gbà pé ohun ẹlòmíràn ni. Nígbà tí a bi í, ó fi ibi tí ó bọ́ sí gan-an hàn. Nígbà tí ọ̀nà sì là, òun náà na ọwọ́ láti gbé e. Gbogbo ohun tí ayálégbé ní láti ṣe níwájú onílé wà nínú ìtàn yẹn: kí a tètè sọ, kí a gbà pé ohun onílé ni, kí a fi ibi tí ó bàjẹ́ hàn, kí a sì na ọwọ́ láti tún un ṣe.

Ìjọ Mímọ́ pàápàá dárúkọ ọ̀rọ̀ ilé yíyá. Katekísmù Ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní ọdún 1992, nọ́ńbà 2410, kọ́ wa pé a gbọ́dọ̀ mú ìlérí ṣẹ, kí a sì pa àdéhùn tí ó tọ́ mọ́. Ó ka àdéhùn ilé yíyá mọ́ àdéhùn ọjà àti ti iṣẹ́, lára ohun tí ìgbé ayé àwùjọ dúró lé. Nítorí náà, owó ilé tí à ń san lóṣooṣù nìkan kọ́ ni a jẹ onílé. A jẹ ẹ́ ní ìtọ́jú ilé, a sì jẹ ẹ́ ní òtítọ́.

ÈWO NI TIWA, ÈWO NI TI ONÍLÉ?

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bàjẹ́ ni ayálégbé ní láti san. Láti ayé Mósè ni òfin ti ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Nínú Ìwé Ẹ́ksódù, orí 22, ẹni tí ó dá iná tí iná náà sì ràn mọ́ oko ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ san án, bí kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí ẹran tí a yá lò bá kú lójú ẹni tí ó ni ín, ẹni tí ó yá a kò ní san án.

Òfin ìlú náà rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin Faransé ti ọdún 1804, tí àwọn amúnisìn mú wá sí Dahomey àti Togo, sọ nínú abala 1732 pé ayálégbé ni yóò dáhùn fún ìbàjẹ́ tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ó ń gbé inú ilé, àfi bí ó bá fi hàn pé kì í ṣe ẹ̀bi òun. Abala 1735 fi àwọn ará ilé rẹ̀ kún un. Ohun tí ọmọ wa tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ wa bá fọ́, àwa ni a fọ́ ọ. Abala 1755 wá sọ pé ohun tí ogbó nìkan bàjẹ́, tàbí ohun tí ó ju agbára ènìyàn lọ, kì í ṣe ẹrù ayálégbé. Ní ilẹ̀ Benin, ìjọba tún ṣe Òfin 2018-12 ní ọjọ́ 2, oṣù keje, ọdún 2018, fún ọ̀rọ̀ ilé àyágbé nìkan. Ó yẹ kí onílé àti ayálégbé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀wé, kí wọ́n sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èdè ilé sọ ọ́. Páànù tí ó ti dípẹtà láti ọdún pípẹ́ tí ó wá ń jò, ti onílé ni. Ìjì tí ó ṣí òrùlé àdúgbò, kò sí ẹni tí ó pè é. Ṣùgbọ́n nàkó tí bọ́ọ̀lù fọ́, ilẹ̀kùn tí a fi ìbínú gbá tí ìdè rẹ̀ sì já, ògiri tí a lu ìṣó mọ́ títí ó fi sán, ọwọ́ wa ni gbogbo ìyẹn wà. Ìgbà mìíràn sì wà tí ọ̀rọ̀ á dà pọ̀: ẹnu ẹ̀rọ omi ti gbó, ọmọ sì fi agbára lọ́ ọ, ó já. Níbẹ̀, kí àwa àti onílé jọ jókòó, kí a pín in. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

KÍ ÈÈṢÌ TÓ DÉ

Ọjọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀. Kí àwa àti onílé jọ rìn yí ilé ká, kí a wo ilẹ̀kùn, fèrèsé, àjà, ògiri, balùwẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ omi àti ibi tí iná ti ń tàn. Ohun tí ó ti sán, kí a kọ ọ́. Ohun tí ó dára, kí a kọ ọ́ pẹ̀lú. Kí àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà kan. Ìwé yìí ni àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè ní état des lieux. Bí kò bá sí i, abala 1731 ìwé òfin 1804 gbà pé ilé dára nígbà tí a wọlé, àfi bí a bá lè fi ẹ̀rí mìíràn hàn. Ayálégbé tí ó ń tijú láti béèrè ìwé yìí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè san owó ògiri tí ó ti sán kí ó tó wọlé.

BÍ A ṢE Ń SỌ Ọ́

Bí nǹkan bá ti bàjẹ́, kí a kọ́kọ́ dá ìbàjẹ́ náà dúró. Kí a ti omi. Kí a pa iná níbi tí wọ́n ti ń pa á fún gbogbo ilé. Kí a fi pátákó dí fèrèsé kí òjò má baà wọlé. Kí a kó àfọ́kù kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ. Bí ẹ̀rọ tẹlifóònù bá wà, kí a ya àwòrán rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a lọ rí onílé lọ́jọ́ yẹn tàbí ní ọjọ́ kejì, kí ará ilé tàbí aládùúgbò tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀. Onílé tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn yóò bínú lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Kí a má ṣe rán ọmọdé, kí a má sì dá onílé dúró lójú ọ̀nà ọjà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ ni kí ó sọ ọ́, ì báà ṣe bàbá tàbí ìyá. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ni ó fọ́ nǹkan, kí ó tẹ̀ lé wa, kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe na ọmọ níwájú onílé nítorí kí àánú lè ṣe é. Ẹkún ọmọ kì í ra nàkó.

Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ gùn jù. A lè sọ ọ́ báyìí:

"Bàbá, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ni ó gbé wa wá. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù nínú àgbàlá, ó sì fọ́ nàkó méjì lójú fèrèsé yàrá iwájú. Ohun yín ni, ọwọ́ wa ni ó sì bàjẹ́ sí. Ẹ má bínú. A ti kó àfọ́kù rẹ̀, a sì ti fi pátákó dí i. A ti béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Bí ẹ bá ráyè, ẹ wá wò ó, kí ẹ sì sọ fún wa bí ẹ ṣe fẹ́ kí a tún un ṣe."

Lẹ́yìn èyí, kí a dákẹ́, kí a jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Bí ó bá bú wa díẹ̀, kí a gbà á. Ẹni tí ó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò yẹ kí ó jáde lẹ́nu wa lọ́jọ́ náà. "Ilé yín ti gbó tẹ́lẹ̀." Bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ọjọ́ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. "Iṣẹ́ èṣù ni." Èṣù kọ́ ni ó gbàgbé láti pa àbẹ́là. "Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i." Onílé nìkan ni ó lè fi òwe yẹn tu ara rẹ̀ nínú; bí ayálégbé bá pa á, ìjà ni. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà nínú apó.

Kí a má sì ṣe dá oníṣẹ́ pè ní ìkọ̀kọ̀. Onílé lè ní oníṣẹ́ tirẹ̀ tí ó mọ bí a ṣe fa omi àti iná ilé náà. Nípa iná mànàmáná pàápàá, àtúnṣe olówó pọ́ọ́kú léwu ju ìbàjẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Kí a má sì ṣe yọ owó àtúnṣe kúrò nínú owó ilé láìjẹ́ pé onílé gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá san owó, kí a gba ìwé ẹ̀rí.

BÍ ONÍLÉ BÁ WÀ LÓKÈÈRÈ

Àwọn onílé kan ń gbé ní Kútọnu, ní Abidjan tàbí ní Faransé. Kí a kọ ìwé sí irú wọn, kí a fi àwòrán sí i, kí a sì pa ẹ̀dà kan mọ́ sọ́wọ́. Àpẹẹrẹ kan nìyí:

"Ìyá wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a kí gbogbo ará ilé. A gbàdúrà pé àlàáfíà ni ẹ wà.

Ìyá, nǹkan kan bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, a kò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná mànàmáná lọ, a sì tan àbẹ́là ní yàrá. Àbẹ́là náà ran aṣọ fèrèsé. A tètè pa iná náà. Kò sí ẹni tí ó fara pa. Ṣùgbọ́n àjà yàrá náà ti dúdú, pátákó àjà kan ti jó, igi fèrèsé náà sì ti jó díẹ̀ lápá òsì. Àwa ni a tan àbẹ́là náà, àwa ni a ó sì tún un ṣe.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti wò ó. Ó ní gbogbo rẹ̀ yóò gba 24.000 fránkì pẹ̀lú ọ̀dà. A lè san án ní ẹ̀ẹ̀mẹta, 8.000 lóṣù kọ̀ọ̀kan, láìfọwọ́ kan owó ilé. Bí ẹ bá ní oníṣẹ́ tí ẹ fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa. A ń retí ọ̀rọ̀ yín kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má bínú sí wa. Àwa ọmọ yín, ayálégbé yín."

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé náà kò bu nǹkankan kù, kò sì fi nǹkankan kún un. Ó sọ ìgbà, ó sọ ibi, ó sọ ohun tí ó kù láti ṣe. Bí ẹni tí ó lọ síbi Ìjẹ́wọ́ ni: a kì í pa ìtàn fún àlùfáà, ohun tí a ṣe ni à ń sọ.

BÍ ONÍLÉ KÒ BÁ GBÀ

Onílé mìíràn lè ní kí a tún gbogbo òrùlé ṣe nítorí páànù kan. Òmíràn lè fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo owó ìdógò wa nítorí nàkó méjì. Kí a má ṣe pariwo. Kí a mú ìwé àyẹ̀wò ilé wá, kí a pe oníṣẹ́ méjì kí wọ́n dá iye lé e. Bí kò bá yanjú, kí a wá àgbà tí àwa méjèèjì bọ̀wọ̀ fún, tàbí olórí àdúgbò. Olúwa wa sọ nínú Ìhìn Rere Mátíù, orí 5, pé kí a tètè bá ẹni tí ó ní ẹjọ́ pẹ̀lú wa rẹ́ nígbà tí a ṣì wà lójú ọ̀nà. Ilé ẹjọ́ wà fún ẹni tí a bá fẹ́ rẹ́ jẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ òpin ọ̀nà.

Ẹ̀yin onílé tí ẹ wà nínú ìjọ wa, a ní ọ̀rọ̀ kan fún yín pẹ̀lú. A mọ̀ pé opó ni àwọn kan nínú yín, owó ilé yẹn ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ohun yín kò gbọdọ̀ ṣègbé. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ òtítọ́, tí ẹ sì bú u débi tí gbogbo àdúgbò gbọ́, ẹ ti kọ́ àwọn yòókù láti máa fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ẹ gba ohun tí ó tọ́ sí yín, kí ẹ fún un ní àyè láti san án. Ẹ rántí ìránṣẹ́ inú Mátíù, orí 18, tí a dárí gbèsè ńlá jì, tí ó sì fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́rùn nítorí owó kékeré.

OHUN TÍ Ẹ LÈ JỌ SỌ NÍLÉ

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi yìí, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ jọ jókòó gẹ́gẹ́ bí ìdílé, kí ẹ bi ara yín:

1. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà nínú ilé yìí tí ó bàjẹ́ tí onílé kò tíì gbọ́? Ta ni yóò lọ sọ, ní ọjọ́ wo?

2. Bí ọmọ bá fọ́ nǹkan nílé wa, ṣé ó lè wá sọ fún wa láìbẹ̀rù, àbí ẹ̀rù wa ni ó ń kọ́ ọ ní irọ́?

3. Ǹjẹ́ a ní ìwé àyẹ̀wò ilé? Bí kò bá sí, ṣé a lè bẹ onílé kí a jọ kọ ọ́ nísinsin yìí?

Bí ẹ bá rí i pé nǹkan kan wà, ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nàkó ṣeé rà, ògiri ṣeé rẹ́. Bí àwa àti onílé bá ṣì lè kí ara wa láàárọ̀, omi ni ó dànù, agbè kò fọ́.

Kí Olúwa bùkún ilé tí ẹ ń gbé, kí ó sì fún ẹni tí kò tíì ní ilé ní tirẹ̀. Àmín.